Mówè, Agége tàbí Akúte: ilé wo ni ká mú? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tèmi Aránṣọ (Ọjọ́ Ẹtì, 9:12 alẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àbọ̀ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ilé ló gbé mi dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi dá a.

Ọdún mẹ́fà ni èmi àti ọkọ mi ti ń gbé Múṣín nínú rúùmù àti pálọ̀. Ìdílé mẹ́rin ló ń lo ilé ìwẹ̀ kan àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan. Ọmọ wa ti pé ọdún mẹ́rin, òmíràn sì ń bọ̀ lọ́nà, mo ti wọ oṣù karùn-ún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni bàbá onílé sọ pé ₦350,000 tí à ń san yóò di ₦700,000 bí ọdún wa bá pé. A rò ó títí, a ní dípò ká san iye yẹn ká ṣì máa tò fún ilé ìwẹ̀, ká kúkú wá ilé mìíràn.

Marina ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, aago mẹ́jọ ló ń wọṣẹ́. Èmi, aṣọ ni mo ń rán, inú pálọ̀ ni ẹ̀rọ mi méjèèjì wà. Gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ wa ò ju ₦1,500,000 lọ. Inú rẹ̀ náà la ó ti yọ owó ajẹ́ńtì, àgíríìmẹ́ǹtì, káṣọ̀n (owó tí onílé ń gbà sọ́wọ́ nítorí ohun tó bá bàjẹ́) àti owó ọkọ̀ tí yóò kó ẹrù. Owó ìbímọ wà lọ́tọ̀, a ò ní fọwọ́ kàn án.

Ilé mẹ́ta la ti rí:

Ti Mówè: yàrá méjì àti pálọ̀, ilé tuntun, ₦500,000 lọ́dún. Ilé ìdáná rẹ̀ fẹ̀ débi pé ènìyàn mẹ́ta lè dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti títì márosẹ̀, ọ̀kadà la ó gùn wọlé, ọ̀nà náà ò dára.

Ti Agége: rúùmù àti pálọ̀ tó ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀ nínú, àjà kejì pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ₦600,000. Ẹsẹ̀ la ó fi rìn dé ibùdó rélùwéè. Pálọ̀ rẹ̀ kéré gan-an, ajẹ́ńtì sì ní ọdún méjì ni wọ́n ń gbà.

Ti Akúte: yàrá méjì, ₦650,000, ọgbà tó mọ́, igi máńgòrò wà láàárín rẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún. Ọkàn mi wà níbẹ̀, kí n má parọ́. Ajẹ́ńtì ní ẹlòmíràn ti fẹ́ sanwó, pé ká yára.

Èwo ni ẹ̀yin ì bá mú?

Ọmọ Agége (Ọjọ́ Ẹtì, 9:40 alẹ́)

Agége. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Marina tó lọ ń gbé Mówè, inú ọkọ̀ ló ń gbé.

Bàbá Ìbejì Mówè (Ọjọ́ Ẹtì, 10:25 alẹ́)

Ọ̀rọ̀ Ọmọ Agége dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé irọ́ ni. Ọdún karùn-ún mi rèé ní Mówè. Ẹ jẹ́ kí n sọ méjèèjì fún yín, kí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín wọ̀n ọ́n.

Ohun tó dára: àwọn ọmọ mi ń sáré nínú ọgbà. Nígbà tí a wà ní Òṣòdì, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti ń ṣeré. Ìyàwó mi gbin ewédú àti ata sẹ́yìn ilé, kò ra ewédú lọ́jà mọ́. Atẹ́gùn ń fẹ́ wọlé, ooru kì í jí wa lóru. Iye tí mò ń san fún yàrá mẹ́ta, kò lè gba rúùmù kan àti pálọ̀ ní Ìkẹjà.

Ohun tí kò dára: aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mò ń jáde nílé. Bí mo bá jáde ní aago márùn-ún àbọ̀, Long Bridge ni oòrùn yóò ti là bá mi. Ìrọ̀lẹ́ tún le ju àárọ̀ lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀, àwọn ìbejì ti sùn kí n tó lọ, wọ́n ti sùn kí n tó dé. Ọ̀kan nínú wọn bi ìyá rẹ̀ léèrè nígbà kan pé ṣé ọjọ́ Sunday nìkan ni mò ń wá sílé. Mi ò gbàgbé ọjọ́ yẹn.

Ẹ tún fi ti Fráídé àkọ́kọ́ nínú oṣù kún un. Ọjọ́ yẹn ni ìsìn alẹ́ ńlá máa ń wà ní ibùdó ìjọ Redeemed tó wà lọ́nà wa, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ náà kì í ṣe kékeré. Àwa tí a ń gbé ibẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, a máa ń tètè kúrò níbi iṣẹ́.

Ìmọ̀ràn mi: ẹ má lọ wo ilé Mówè ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tí títì dá. Ẹ ní kí bọ̀dá sùn sọ́dọ̀ ẹnìkan níbẹ̀ mọ́jú Mọ́ńdè, kí wọ́n jáde láti ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, kí wọ́n wo aago. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó.

Rìwáyà Ìyànà-Ìpájà (Ọjọ́ Ẹtì, 10:51 alẹ́)

Mọ̀dá, ẹ kò sọ̀rọ̀ iná rárá, bẹ́ẹ̀ aránṣọ ni yín. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, ohun tí mo ń rí ni mo fẹ́ sọ.

Àkọ́kọ́, ẹ bèèrè Band tí àdúgbò náà wà, ìyẹn ìpele tí wọ́n fi ń pín iná. Band A, wákàtí 20 lójúmọ́ ló yẹ kí wọ́n rí iná, B, 16, C, 12, D, 8, E, 4. Ohun tó wà nínú ìwé nìyẹn. Ẹ bi àwọn ará ilé nípa èyí tí wọ́n ń rí. Ẹ má bi ajẹ́ńtì. Ẹ wo ẹni tó ń ta ohun tútù ní òpópónà yẹn, ẹ fọwọ́ kan omi inú fíríìjì rẹ̀ ní ọ̀sán. Ẹni tó bá ń rí iná, omi rẹ̀ á tutù.

Èkejì, iná púpọ̀ lówó. April 2024 ni wọ́n gbé Band A dé ₦225 fún yúníìtì kan. Ó ti ń yí díẹ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ó ṣì ju ₦200 lọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ kì í jẹ iná. Áyọ́ọ̀nù ló ń jẹ ẹ́. Áyọ́ọ̀nù 1,000 watt, bí ó bá gbóná fún wákàtí kan gbáko, yúníìtì kan ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣubú: mítà. Ṣé mítà náà dá wà fún yín, àbí ẹ̀yin àti ẹlòmíràn lẹ ó jọ máa lò ó? Ẹni tó kó jáde, ṣé ó fi gbèsè sílẹ̀? Bí gbèsè bá wà lórí mítà, ẹ ó san ₦5,000, wọn á ti yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ẹ tó rí yúníìtì. Ẹ kọ nọ́ńbà mítà sílẹ̀, ẹ ra ti ₦1,000 sí i kí ẹ tó san owó ilé. Ohun tó bá jáde lórí rìsíìtì yóò sọ òótọ́ fún yín.

Màmá Akúte Tẹ́lẹ̀ (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:03 àárọ̀)

Ọmọ mi, mo ń kírun lọ́wọ́ ni mo rí ọ̀rọ̀ rẹ, mo ní n kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ tán kí n tó dá ọ lóhùn.

Èmi náà rí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní Akúte. Oṣù February la kó dé ibẹ̀, ilẹ̀ gbẹ táútáú, mo ní Ọlọ́run ti ṣe é. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, kò sí nǹkan kan. Àrọ̀kúrò ni ojú wa tó là. Odò Ògùn ò jìnnà síbẹ̀. Ìdídò (dáàmù) Ọ̀yán wà lókè lọ́hùn-ún, bí omi rẹ̀ bá kún ní September sí October, wọ́n máa ń ṣí i, inú odò Ògùn ni omi náà ń gbà wá bá àwa tí a wà nísàlẹ̀. Òjò lè má rọ̀ ní àdúgbò rẹ rárá lọ́jọ́ náà, kí omi wọlé bá ọ. Ohun tí kò yé mi nígbà yẹn nìyẹn. Mo rò pé ibi tí kò bá ti sí òjò, kò sí omi.

Aago mẹ́ta òru ni mo gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi. Ìdì àńkárá tí mo fẹ́ lọ tà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Fíríìjì ṣubú, ó léfòó. Ilẹ̀ mọ́, ṣọ́kawè ti pò mọ́ omi náà. Mo tún un kùn nígbà tó gbẹ, òórùn yẹn kò lọ títí tí a fi kó jáde.

Nítorí náà, má wo ọ̀dà. Wo nǹkan wọ̀nyí:

Fi ọwọ́ pa ògiri nísàlẹ̀, níbi orúnkún rẹ. Bí ọ̀dà bá ń ṣí bí ìyẹ̀fun, tàbí ó wú bí búrẹ́dì, omi ti gbé ibẹ̀ rí.

Wo ẹnu ọ̀nà àwọn aládùúgbò. Bí wọ́n bá ti fi búlọ́ọ̀kù mọ ìdènà sí ẹnu ọ̀nà wọn, tí ènìyàn ní láti gbẹ́sẹ̀ ga kó tó wọlé, wọn kò mọ ọ́n fún ẹwà.

Wo irin ilẹ̀kùn nísàlẹ̀. Ìpata tó bá dúró ní ìlà kan náà lára gbogbo irin ilé náà, ibi tí omi dé nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, bi obìnrin tó ń ta nǹkan ní àdúgbò. Má bi í pé ṣé omi máa ń wọ ibí. Bi í pé ọdún wo ni omi wọ ibí gbẹ̀yìn. Ìdáhùn méjèèjì kì í bára mu.

Ará Òkè Akúte (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:30 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ mà. Ẹ pẹ̀lẹ́ fún ohun tí ojú yín rí. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó dà bí ẹni pé gbogbo Akúte ló wà nínú omi. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbé apá òkè, omi kò wọ ilé mi rí. Akúte gbòòrò, òkè wà níbẹ̀, àfonífojì wà. Ẹ jẹ́ kí ó lọ wo ilé náà kí ó tó dá a lẹ́bi.

Ohun kan tí mo lè fi kún un ni pé láti Akúte sí Ojódù Berger, kòròpe lẹ ó wọ̀. Ọ̀nà yẹn máa ń há ní àárọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn ju Mówè lọ bí àwọn ènìyàn ṣe rò.

Ṣẹ́gun Ọlọ́kadà (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:02 àárọ̀)

Ọ̀rọ̀ ọdún méjì yẹn, òfin Èkó ti fòpin sí i. Ọdún kan péré ni. Ẹ lọ sọ fún àwọn lánlọ́ọ̀dù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ́ẹ̀, wọn ò lè ṣe nǹkan kan.

Lọ́yà Àdúgbò (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:17 àárọ̀)

Bọ̀dá Ṣẹ́gun, ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe díẹ̀ kí ó má baà ṣi arábìnrin yìí lọ́nà.

Òfin Ilé Gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, 2011, sọ pé kò tọ́ kí onílé gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òótọ́ ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n Èkó ni òfin yẹn wà fún. Mówè wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, Akúte wà ní Ìfọ̀, Ìpínlẹ̀ Ògùn ni méjèèjì. Bí ẹ bá mú òfin Èkó dé ọ̀dọ̀ onílé ibẹ̀, kò bá a wí. Nínú Èkó pàápàá, òfin náà yọ Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Agége ò sí lára wọn, nítorí náà ó dé ibẹ̀.

Arábìnrin, ohun mìíràn wà nínú òfin náà tó kàn yín ju ọdún méjì lọ. Onílé gbọ́dọ̀ fún yín ní rìsíìtì. Bí ẹ bá sì jẹ́ ayálégbé ọlọ́dọọdún, tí kò sí àdéhùn mìíràn nínú ìwé, ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà ni ó gbọ́dọ̀ fún yín kí ó tó ní kí ẹ kó jáde, lẹ́yìn náà ni ti ọjọ́ méje. Ẹ ka àgíríìmẹ́ǹtì yín dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń dín oṣù mẹ́fà yẹn kù. Bí ìjà bá dé, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó máa ń bá ayálégbé àti onílé parí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣẹ́gun Ọlọ́kadà (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:25 àárọ̀)

Ẹ ṣé sà. Mi ò mọ̀ pé Akúte kì í ṣe Èkó, ojoojúmọ́ ni mo sì ń gbé èrò lọ síbẹ̀.

Ajẹ́ńtì Alápákò (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:48 àárọ̀)

Iṣẹ́ ajẹ́ńtì ni mò ń ṣe, ọdún kẹsàn-án rèé. Mo mọ̀ pé àwọn ènìyàn kì í fẹ́ràn wa, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi.

Ohun tí lọ́yà sọ dára, àmọ́ bí ẹ bá fi òfin ṣe ọ̀rọ̀ àkọ́sọ, onílé á kàn ní ilé ti lọ ni. Ilé kò tó, èrò pọ̀. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù lọ. Ẹ bèèrè pé ẹ fẹ́ rí onílé fúnra rẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Mo ń sọ èyí nítorí pé ìdá mẹ́wàá owó ilé ni ajẹ́ńtì ń gbà. Bí ó bá jẹ́ ọdún kan, ₦60,000. Bí ó bá di ọdún méjì, ₦120,000. Ìgbà mìíràn wà tí kì í ṣe onílé ló fẹ́ ọdún méjì.

Bákan náà, "ẹlòmíràn fẹ́ sanwó" yẹn, gbogbo wa la ń sọ ọ́. Nígbà mìíràn òótọ́ ni, nígbà mìíràn a kàn fẹ́ kí ẹ yára ni. Ẹ má san owó ilé tí ẹ kò tíì lọ wò ní alẹ́.

Alhaja Ìdí-Òrò (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:20 ọ̀sán)

Gbogbo yín ń sọ ọ̀rọ̀ ọkọ. Ta ló ti bi obìnrin yìí léèrè nípa àwọn oníbàárà rẹ̀? Ọdún mẹ́fà ló fi kó wọn jọ ní Múṣín. Àwọn tó ń mú aṣọ wá fún un, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn wá. Bí ó bá lọ sí Mówè, ta ló máa gbé léèsì tẹ̀lé e dé ibẹ̀? Yóò fi ọdún méjì wá èrò tuntun, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn.

Èmi ní kí ó dúró síbi tó wà. Kí ó lọ bẹ bàbá onílé, kí wọ́n fà á dé ₦500,000. Owó tó kù, kí ó fi gba ṣọ́ọ̀bù kékeré.

Màmá Akúte Tẹ́lẹ̀ (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:58 ọ̀sán)

Alhaja, mo gbà pẹ̀lú yín lórí oníbàárà. Ṣùgbọ́n ìdílé mẹ́rin, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan, kí ó bí ọmọ sí i? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí wọ́n ń fi omi gbígbóná jó o, yóò máa dúró kí ẹlòmíràn jáde kó tó wọlé? Rárá o. Èmi ò lè gbà á ní ìmọ̀ràn yẹn.

Alhaja Ìdí-Òrò (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3:10 ọ̀sán)

Òótọ́ lẹ sọ. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn le. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a rántí àtẹ̀gùn Agége náà. Àjà kejì, pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ, pẹ̀lú korobá omi bí ẹ̀rọ omi ò bá fà á dókè. Kí ó bèèrè ìyẹn.

Ọmọ Agége (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:05 ìrọ̀lẹ́)

Alhaja, ẹ wo èyí. Rélùwéè Red Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní October 2024, láti Agbádò dé Ọyíngbò ni. Ó dúró ní Agége, ó sì dúró ní Múṣín. Kò ní láti fi àwọn oníbàárà sílẹ̀. Kí ó kàn ní káàdì Cowry tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ lọ́wọ́, kí ó sì mọ àkókò tí ọkọ̀ ń kọjá, nítorí kì í ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ló ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún bọ̀dá pé Ọyíngbò ló parí sí, kò dé Marina. Wọ́n á tún wọ ọkọ̀ kọjá afárá.

Ìyá Tèmi Aránṣọ (Ọjọ́bọ̀, 8:44 alẹ́)

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ ọkọ mi. Ohun tí a ti ṣe rèé.

Mówè: ọkọ mi sùn sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jáde ní aago mẹ́rin kú ìṣẹ́jú mẹ́wàá, 7:25 ni wọ́n dé Marina. Ó dé ilé ní alẹ́ ọjọ́ náà, kò jẹun, ó sùn lọ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Bàbá Ìbejì, mo rántí ohun tí ọmọ yín bèèrè.

Akúte: mo lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun láìsọ fún ajẹ́ńtì. Mo fọwọ́ pa ògiri yàrá kejì lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọ̀dà náà bọ́ sí mi lọ́wọ́, abẹ́ rẹ̀ dúdú. Mo wá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ Màmá, mo bi obìnrin tó ń din àkàrà níwájú pé ọdún wo ni omi wọ ibí gbẹ̀yìn. Ó ní, "Èyí tó kọjá kò pọ̀ tó ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀." Mo dúró níbẹ̀, omi fẹ́ bọ́ lójú mi, nítorí mo ti ń wo ibi tí n ó so okùn ìsáṣọ sí lára igi máńgòrò yẹn. Ẹ̀gbọ́n Ará Òkè, mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo Akúte. Ilé yẹn ni kì í ṣe tiwa.

Agége: a ní a fẹ́ rí onílé. Ajẹ́ńtì kọ́kọ́ ní onílé kò sí nílé. A padà lọ ní alẹ́, a kan ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni bàbá àgbàlagbà náà ń gbé. Wọ́n ní ọdún kan làwọn ń gbà, àwọn ò sọ ọdún méjì fún ẹnikẹ́ni. Ajẹ́ńtì Alápákò, bí ẹ ṣe wí ló rí. Omi ń fà dókè bí iná bá wà, táńkì sì wà lórí òrùlé. A ra iná ₦1,000 sórí mítà, kò sí gbèsè. Ẹni tó ń ta ohun tútù ní ìkóríta, omi rẹ̀ tutù ní aago méjì ọ̀sán.

₦600,000, ìdá mẹ́wàá ajẹ́ńtì, ìdá mẹ́wàá àgíríìmẹ́ǹtì, káṣọ̀n ₦100,000: ₦820,000 ni gbogbo rẹ̀. A ó sanwó lọ́la, onílé ni yóò kọ rìsíìtì.

Ohun kan ló kù. Mo wọn pálọ̀ náà: ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí mẹ́sàn-án. Àga wa, bẹ́ẹ̀dì ọmọ, ẹ̀rọ méjì àti tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ kò lè gba ibẹ̀. Ẹni tó bá ti rán aṣọ nínú irú pálọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe tò ó?

Adùkẹ́ Oníbùbá (Ọjọ́bọ̀, 9:31 alẹ́)

Ẹ kú oríire mà. Irú pálọ̀ yẹn ni mo fi ọdún mẹ́rin rán aṣọ. Ẹ gbé ẹ̀rọ kan ṣoṣo síbẹ̀, sábẹ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ máa wá láti apá òsì yín. Èkejì, ẹ fi sọ́dọ̀ aránṣọ kan tí ẹ mọ̀ ní Múṣín, kí ẹ máa lọ ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ibẹ̀ ni kí àwọn oníbàárà ti máa pàdé yín. Ti tábìlì, ẹ ní kí káfíńtà fi hínjì kan pákó mọ́ ògiri, ní ìbú ẹsẹ̀ méjì àti gígùn ẹsẹ̀ mẹ́rin, èyí tí ẹ lè gbé sókè bí ẹ bá fẹ́ gé aṣọ, kí ẹ sì sọ ọ́ kalẹ̀ bí ẹ bá ṣe tán. Ẹ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó lu ògiri o. Kí ẹsẹ̀ pákó náà ní ìkọ́ tó lágbára, torí ọmọ ọdún mẹ́rin á fà á.

Ìyá Tèmi Aránṣọ (Ọjọ́bọ̀, 9:39 alẹ́)

Ẹsẹ̀ mẹ́rin á gba gígùn bùbá dáadáa. N ó bi bàbá onílé lọ́la bí a bá lọ gba kọ́kọ́rọ́. Ẹ ṣé mà.